Mo gbé ajá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Houston lọ sí Baltimore: ohun tí ojú mi rí

Bí ẹ bá ní lẹ́tà dókítà lọ́wọ́ pé ajá yín ló ń fi ọkàn yín balẹ̀, tí ẹ sì rò pé lẹ́tà yẹn á gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin ti yí padà láti ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021. Tẹ́lẹ̀, lẹ́tà náà tó. Àwọn èèyàn wá ń lò ó nílòkulò, débi pé ní 2018 ẹnì kan gbé ọ̀kín wá sí pápákọ̀ òfuurufú Newark pé ẹyẹ náà ló ń tu òun nínú. Wọn ò jẹ́ kó gbé e wọkọ̀. Ní báyìí, ajá tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ kan pàtó fún ẹni tó ní àìlera, ì báà jẹ́ ti ara tàbí ti ọpọlọ, nìkan ni dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú láti gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ajá kàn máa tuni nínú kò sí lára iṣẹ́ yẹn.

Tanímọ̀la, ajá mi, wà lára àwọn tí òfin yìí yọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú màmá mi ni dókítà gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ní ajá, torí àyà mi ò yé já, oorun ò sì kun ojú mi. Ó ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Bí àyà mi bá ti ń já, á wá gbé àgbọ̀n lé itan mi títí màá fi mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ, mi ò sì ní buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìjọba pé wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ sórí fọ́ọ̀mù yẹn ti rú òfin ìjọba àpapọ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta káàdì àti ẹ̀wù ajá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní àwọn ti bá yín forúkọ ajá sílẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ò ní irú ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó yín ni wọ́n fẹ́ jẹ.

Ohun tó kù ni kí n sanwó rẹ̀ bí ajá tí à ń sìn nílé. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń gba nǹkan bíi 95 sí 150 dọ́là ní àlọ, wọ́n á tún gbà á ní àbọ̀. Inú báàgì tó lè wọ abẹ́ àga iwájú ni ajá á wà, báàgì yẹn ni wọ́n á sì kà sí ẹrù ọwọ́ yín. Èyí ló dùn mí jù. Ẹ sanwó gọbọi, ẹ ò rí àga, ẹ ò rí ààyè kún ààyè, ẹ tún pàdánù ẹrù ọwọ́. Mo fara mọ́ òfin tuntun náà, torí ajá tí kò gba ẹ̀kọ́ ti bu èèyàn jẹ nínú ọkọ̀ rí. Owó yìí ni mi ò rí ìdí rẹ̀. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì o, torí iye ajá tí wọ́n ń gbà nínú ọkọ̀ kan níwọ̀n.

Níbi àyẹ̀wò TSA, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ èrò àti ẹrù wò ní pápákọ̀, báàgì nìkan ló ń gba inú ẹ̀rọ. Mo gbé Tanímọ̀la mọ́ àyà kọjá, wọ́n fi nǹkan pélébé kan nu àtẹ́lẹwọ́ mi, ó parí. Wọ́n ṣe wá jẹ́jẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra, ariwo ẹ́ńjìnì ròkè, báàgì sì ń gbọ̀n lẹ́sẹ̀ mi. Mo ṣí síìpù díẹ̀, mo ti ìka méjì wọlé, ó gbé imú rẹ̀ tó tutù tì wọ́n. Mo ń rẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ni màmá kan tó jókòó tì mí bá bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Ṣé ajá lèyí, ọmọ mi?"

"Ajá ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ni n ó bínú sí? Ó mà ń gbọ̀n. Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́."

Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn fún un. A dé Baltimore láìjẹ́ pé Tanímọ̀la gbó.

Àbọ̀ ló fẹ́ bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ káńtà ní báàgì ti kéré jù fún ajá náà, báàgì kan náà tí wọ́n gbà ní Houston láìjanpata. Ó ní kí Tanímọ̀la dìde nínú rẹ̀, kó yí padà. Ó dìde, ó yí. Ó ṣì lọ pe ọ̀gá rẹ̀, èrò sì ti tò gbọọrọ sẹ́yìn wa, àyà mi ń lù kìkì. Ọ̀gá náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní ká máa lọ. Kò yẹ kí òfin kan náà ní ìtumọ̀ méjì láàárín ìlú méjì. Ẹ ya ojú ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n báàgì sí pamọ́ sórí fóònù, ẹ ó rí ohun fi hàn wọ́n.

Fún ajá kékeré, màá ní kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀. Ajá ńlá tí wọn ò kọ́ níṣẹ́ ò lè bá yín jókòó. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ tiẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè ní kó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní wákàtí 48 ṣáájú, bí ìrìn àjò bá sì tó wákàtí 8, fọ́ọ̀mù mìíràn wà nípa bí ajá á ṣe tọ̀.

Ẹni tó fẹ́ gbé ajá lọ sílé, ẹ ronú nípa àbọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Nàìjíríà wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí CDC, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, kà sí eléwu nítorí àrùn dìgbòlugi, wọ́n sì mú òfin le sí i ní oṣù kẹjọ ọdún 2024: ajá tó bá fẹ́ wọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ pé oṣù 6, kí ó ní máíkíróṣíìpù lára, kí ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì pé. Bí mo bá ń lọ sí Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni Tanímọ̀la máa ń wà.