Ẹ ṣọ́ra fún sípíríǹgì "kúkurú" tí wọ́n ń tà n'Ílẹ̀ṣà, iná ni wọ́n fi jó o

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń gun Peugeot 504 pikọ́ọ̀pù, tó sì fẹ́ kí iwájú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kó gbọ́ tèmi kó tó kówó sílẹ̀. Bàbá kan wà n'Ílẹ̀ṣà níbí tó ń ta sípíríǹgì iwájú, ó ní kúkurú ni wọ́n ṣe é wá láti ilé-iṣẹ́. Irọ́ ni. Tókúnbọ̀ ni, iná wẹ́dà ni wọ́n fi jó o títí ó fi rì, wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún, wọ́n wé e sínú náílọ́ọ̀nù.

₦55,000 ni mo ra méjì. Lọ́jọ́ tí a dè é, ó wù mí débi pé mo kàn ń pòòyì yí mọ́tò ká ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, apá òsì ti rì ju ọ̀tún lọ. Mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti Ifẹ̀, kòtò kékeré báyìí, gbàù! Ṣọ́ọ̀kì ti kanlẹ̀. Bí mo bá sì fẹ́ yà, táyà á máa ha fẹ́ńdà. Nígbà tí mẹkáníìkì mi fi jáàkì gbé e, ṣe ni sípíríǹgì ń mì nínú abọ́ irin tó jókòó sí bí eyín arúgbó.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fi iná pa á." Ó fi fáìlì ha ọ̀dà náà, èèpá iná ń ṣí lára irin. A gbé méjèèjì nàró sórí símẹ́ńtì, wọn ò dọ́gba. Ilé-iṣẹ́ máa ń fi ooru tó níwọ̀n ṣe irin yẹn ni, kó lè tẹ̀ kó sì padà sípò. Iná wẹ́dà ò níwọ̀n, ó ti pa agbára yẹn, bẹ́rù bá ti gùn ún, á tún máa rì sí i.

Mo padà lọ bá bàbá náà. Ó ní mẹkáníìkì mi ni ò mọ̀ ọ́n dè. Ọmọ Òṣómàáló ni mí, mo lóṣòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n fi kírun ọ̀sán. ₦20,000 ló fún mi. Àwọn bàbá mi ò bá tijú mi.

Ó tiẹ̀ fẹ́ ta òmíràn fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gun Hilux 1990! Hilux ìgbà yẹn ò ní sípíríǹgì róbótó níwájú rárá. Irin gbọọrọ tó ń lọ́ ló wà níwájú tọ̀rẹ́ mi, bóòtù abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tú díẹ̀díẹ̀ kó tó wálẹ̀, iye ìgbà kan náà lọ́tùn-ún lósì.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ ha ọ̀dà wò. Tó bá kọ̀, ẹ máa lọ. Ẹ wo òpin irin náà bóyá ó jókòó dáadáa sínú abọ́. Ẹ ra ṣọ́ọ̀kì kúkurú mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì ṣe aláíǹmẹ́ǹtì (títún táyà tò kó lè dọ́gba) lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì láìkọ́kọ́ fi irin tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì pọ̀ há a, torí bó bá ta, ó lè fọ́ àgbọ̀n èèyàn. Wáyà ni ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ fi so tèmi, mo sá kúrò níbẹ̀. Jáàkì nìkan ò sì tó, ẹ fi irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn ògbólógbòó sípíríǹgì mi ni mo dá padà sábẹ́ mọ́tò, imú pikọ́ọ̀pù tún ga bíi tàtijọ́. Àwọn jíjó yẹn wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì mẹkáníìkì mi, ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó kọ̀wé sí mi.