Wọ́n ní kó wọ ríǹgì kó lè gbọ́n: àgbéyẹ̀wò ètò ẹ̀ṣẹ́ àti ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọ̀dọ́

Ọ̀sẹ̀ kẹta ètò náà ni. Ọmọ ọdún 14 kan pẹ́ dé, kóòṣì bi í léèrè, ó sì fèsì gán-ín gán-ín. Kóòṣì kò bá a wí. Ó ki akoto bọ̀ ọ́ lórí, ó ní kó wọ ríǹgì pẹ̀lú ẹni ọdún 17 tó ti ń kànṣẹ́ láti ọdún méjì. "Jẹ́ kó fi hàn ọ́." Ìṣẹ́jú méjì péré. Ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú ọmọ náà, àwọn tó fara ti okùn ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀jẹ̀ imú á dá. Èyí tí kò ní tètè dá ni ẹ̀kọ́ tó bá a délé: alágbára ló máa ń jàre. Ìgboro ti kọ́ ọ ní ìyẹn tẹ́lẹ̀, torí ẹ̀ la ṣe forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì ní nǹkan kan í ṣe nínú ríǹgì. Ìdúró, ìgbésẹ̀, jab (ẹ̀ṣẹ́ tààrà tí ọwọ́ iwájú ń jù), bí ọwọ́ ṣe ń padà sí àgbọ̀n lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nìkan á gbà tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí àwọn méjì máa fọwọ́ tọ́ ara wọn léjìká jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ọ̀kan máa ju ẹ̀ṣẹ́, kí èkejì máa yẹ̀ ẹ́. Lílu orí ló gbẹ̀yìn. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n tún fún un, èyí tí wọ́n fi ń lu àpò ìdánrawò ni, áúnsì 10. Áúnsì 14 tàbí 16 ló yẹ fún ìdánrawò ẹni méjì, torí tìmùtìmù inú rẹ̀ nípọn jù.

Nígbà tí a pè wọ́n, akọ̀wé ní, "Ẹ fọkàn yín balẹ̀, ó kúkú wọ akoto." Akoto ń dín ọgbẹ́ ojú kù, kò lè ní kí ọpọlọ má mì nínú agbárí. AIBA, àjọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àgbáyé, pàápàá bọ́ ọ kúrò lórí àwọn àgbà ọkùnrin ní 2013. Ẹni tí orí ń fọ́ lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́, tí òòyì ń kọ́, tí èébì ń gbé, kò gbọdọ̀ padà síbi ìdánrawò lọ́jọ́ náà, dókítà ló sì yẹ kó sọ ìgbà tó lè padà. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ yìí ní ọ̀kan nínú ìbéèrè wọ̀nyí kó tó bọ́ ìbọ̀wọ́.

A ti múra àtifà á kúrò. Lọ́jọ́ kejì ni olórí àwọn kóòṣì, obìnrin kan, pè fúnra rẹ̀. Kò wá àwáwí. Ó ní kí kóòṣì yẹn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà wá jókòó ti ọmọ náà, ó fa báńdéèjì tí wọ́n fi ń di ọwọ́ kó tó wọ ìbọ̀wọ́ yọ.

Báńdéèjì náà gùn tó mítà 4.5. Ó fi ihò rẹ̀ kọ́ àtàǹpàkò, ó yí ọrùn ọwọ́ ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó yí oríkèé ẹ̀ṣẹ́ ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó gba àárín àwọn ìka kọjá níkọ̀ọ̀kan, ó so àtàǹpàkò, ó padà sí ọrùn ọwọ́. Ọmọ náà la ìka sílẹ̀ gbayawu ní gbogbo ìgbà yẹn, torí bí ìka bá sún mọ́ra nígbà tí a ń dì í, á fún ọwọ́ pa tó bá di ẹ̀ṣẹ́. Èékánná tó bá funfun, ó ti le jù nìyẹn. Ẹni tí kò bá sì dì í dáadáa, egungun abẹ́ ìka kékeré ló sábà máa ń kán.

Ọwọ́ kan gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ti dé ìyípo kejì lọ́rùn ọwọ́ kó tó béèrè ohun tó mú ọmọ náà pẹ́ dé lọ́jọ́ yẹn. Báńdéèjì làwọn méjèèjì ń wò. Ọmọ tó ti ń dákẹ́ lórí àga àwọn onímọ̀ràn láti oṣù mẹ́ta sọ fún un pé àwọn kan ń dènà de òun lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ẹ̀yìn lòun ń gbà yí ká. Ọwọ́ òsì ló ń dì nígbà tó sọ ọ́. Bí ètò yìí bá ní ohun kan tí kò sí níbòmíràn, ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn ni.

Wọ́n tún ṣe dáadáa níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: igun tí gbogbo ènìyàn ti ń rí wọn ni olùtọ́sọ́nà àti ọmọ ti ń sọ̀rọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ, alágbàtọ́ náà á rí i.

Ní 1954, ọlọ́pàá tó ń jẹ́ Joe Martin ló mú ọmọ ọdún 12 tí wọ́n jí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ ibi ìkànṣẹ́ ní Louisville. Ọmọ náà ló di Muhammad Ali. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ti Mike Tyson ni ì bá wúlò jù. Cus D'Amato, kóòṣì tó gbà á tọ́ láti ilé àtúntọ́ àwọn ọmọdé, kú ní 1985. Tyson gba bẹ́líìtì àgbáyé ní 1986, ó wẹ̀wọ̀n ní 1992. Ẹ̀ṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ń bá a wí ni kò sí mọ́.

Ìdí nìyí tí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́rin fi dùn wá ju ti ríǹgì lọ. Wọ́n pààrọ̀ olùtọ́sọ́nà ọmọ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ onílà kan ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó yẹ kó gbọ́ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ wà pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmọ tí àwọn àgbà ti já sílẹ̀ rí kì í béèrè ìdí. Iye ẹni tó ti lọ ló ń kà.

Ìbọ̀wọ́ àjùmọ̀lò wọn ń rùn, torí inú àpò tí wọ́n dì lẹ́nu ni wọ́n ń kó o sí ní tútù. Bí làpálàpá ṣe ń ràn nìyẹn. Ínhélà àwọn ọmọ oníkọ́ fée wà nínú ọ́fíìsì tí wọ́n tì pa, nígbà tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríǹgì. A ti sọ èyí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọmọ náà kò pa ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan jẹ rí, báńdéèjì rẹ̀ sì wà lórí okùn báyìí, ó ń gbẹ de ọ̀la.