Bébà Àyẹ̀wò Ẹyin Lẹ́yìn Tí Oyún Bá Bàjẹ́: Ó Dára, Ṣùgbọ́n Ó Ní Àsìkò Tirẹ̀

Bébà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì bọ inú ìtọ̀ láti mọ ìgbà tí ẹyin obìnrin fẹ́ jáde jẹ́ ohun tó wúlò, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. A gbà kí àwọn tó ń wá ọmọ lò ó. Àmọ́ obìnrin tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí òun bá tètè bẹ̀rẹ̀ jù, irọ́ ni bébà náà yóò máa pa fún òun. Ìwé kékeré inú páálí kì í sábà sọ ìdí rẹ̀ yékéyéké.

Họ́mónù LH ni bébà náà ń wá. Ó máa ń wà lára níwọ̀nba lójoojúmọ́, àfi bó bá ku nǹkan bí wákàtí 24 sí 36 kí ẹyin jáde, tí á ru sókè lójijì. Họ́mónù oyún, hCG, fara jọ LH púpọ̀: apá kan wà lára àwọn méjèèjì tí kò yàtọ̀ rárá. Níbi tí hCG bá ṣì wà nínú ìtọ̀, bébà lè gbà á sí LH, ìlà méjèèjì á sì pọ́n kedere nígbà tí ẹyin kankan kò tíì gbéra. Bí oyún bá bàjẹ́ nígbà tó ṣì kéré, hCG lè tán lára láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Bó bá ti dàgbà díẹ̀, tàbí tí nǹkan ṣẹ́kù sínú ilé ọmọ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Nítorí náà, ẹ ra bébà àyẹ̀wò oyún mọ́ ọn. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, ẹ fi ìtọ̀ àárọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, títí ìlà kan ṣoṣo yóò fi kù. Bí ọ̀sẹ̀ 3 bá kọjá tí ìlà kejì ṣì ń yọ, tàbí tó tún ń pọ́n sí i, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn hCG náà. Ẹ má dúró de ìyẹn bí ibà bá ń mú yín, tí ohun tó ń jáde ń rùn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń kún páàdì kan láàárín wákàtí kan.

Ẹyin àkọ́kọ́ lè jáde ní ọ̀sẹ̀ 2 péré lẹ́yìn tí oyún bàjẹ́, kí nǹkan oṣù kankan tó dé. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé inú oṣù àkọ́kọ́ yìí ni bébà ti ń ṣòfò jù, nítorí kò sí ọjọ́ tí èèyàn lè kà mọ́. Èrò tiwa ni pé kí ẹ jẹ́ kí nǹkan oṣù kan wá, ó sábà máa ń dé láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kí ẹ tó tú páálí. Ní ọdún 2005, àjọ WHO ní kí obìnrin dúró fún oṣù 6 kó tó tún lóyún. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Scotland lórí àwọn obìnrin tó lé ní 30,000, tó jáde ní 2010, fi hàn pé àwọn tó lóyún kí oṣù 6 tó pé kò fara pa jù. Ara wọn tiẹ̀ le ju ti àwọn tó dúró pẹ́ lọ. Ẹni tí dókítà sọ pé oyún rẹ̀ jẹ́ molar (èyí tí ohun tó yẹ kó di ibi ọmọ dàgbà sódì) ni kò gbọdọ̀ kánjú, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gba abẹ́rẹ́ methotrexate nítorí oyún tó dúró síta ilé ọmọ: oṣù 3 ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹni tó gba abẹ́rẹ́ yẹn dúró.

Lílo rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ mú oṣù yín tó kúrú jù, ìyẹn iye ọjọ́ láti ìgbà tí nǹkan oṣù kan bẹ̀rẹ̀ títí òmíràn yóò fi bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ 17 kúrò. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28 á bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11, ọlọ́jọ́ 35 á bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 18. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ ni ọjọ́ 1. Láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 8 alẹ́ ni kí ẹ ṣe é, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ ti dá ìtọ̀ dúró fún nǹkan bí wákàtí 4, ẹ má sì mu omi púpọ̀ ní wákàtí 2 tó ṣáájú. Omi àmujù máa ń la ìtọ̀, ìlà á sì rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tọ̀ sínú ife tó mọ́ tó sì gbẹ, ẹ ki bébà bọ̀ ọ́ dé ìlà MAX, kó má kọjá rẹ̀, fún iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Àwọ̀ náà á máa rìn gòkè lórí ibi funfun, á kọ́kọ́ ba T (ìlà àyẹ̀wò), kó tó kan C (ìlà tó ń fi hàn pé bébà ń ṣiṣẹ́). Ẹ kà á ní ìṣẹ́jú 5. Ohun tó bá yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ má kà á sí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Nínú àyẹ̀wò oyún, ìlà T tó rẹ̀ náà túmọ̀ sí pé oyún wà. Nínú ti ẹyin, ìlà T gbọ́dọ̀ pọ́n tó C tàbí kó pọ́n jù ú lọ. Èyí tó rẹ̀ kò tíì tó nǹkan kan. Bí C kò bá yọ, bébà náà ti bàjẹ́. Tí T bá ti ń sún mọ́ C, ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, torí LH àwọn mìíràn máa ń ru kó sì wálẹ̀ kí ọjọ́ kan tó pé.

Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹyin tó ń fi àwòrán hàn lójú gíláàsì rọrùn láti kà, ó sì wọ́n. Síbẹ̀ bébà lásán la fẹ́ràn fún obìnrin tí a ń sọ yìí, nítorí pé ó ń rí ìlà náà bó ṣe ń rẹ̀ àti bó ṣe ń pọ́n. Ẹ̀rọ kò fi ìyẹn hàn, hCG sì lè tan òun náà jẹ. Méjèèjì kò dáa fún obìnrin tó ní PCOS (àìsàn họ́mónù tí kì í jẹ́ kí ẹyin jáde déédéé), torí LH tirẹ̀ lè ga lójoojúmọ́. Ẹni tó ń lo clomiphene (oògùn tó ń mú kí ẹyin jáde) ní láti jẹ́ kí ọjọ́ 3 kọjá lẹ́yìn èyí tó lò kẹ́yìn kó tó ṣe àyẹ̀wò.

Bébà kò lè sọ bóyá ẹyin jáde lóòótọ́. Temómítà tí a fi ń wọn ara láàárọ̀ kí a tó dìde lórí ibùsùn ló ń tì í lẹ́yìn: bí ẹyin bá ti jáde, ara á gbóná sí i ní 0.2 sí 0.5 °C, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Bébà kò sì rí inú ilé ọmọ. Ẹni tí wọ́n fọ inú fún, tí nǹkan oṣù rẹ̀ wá kéré gan-an tàbí tí kò wá mọ́, lè ní ojú ọgbẹ́ tó lẹ̀ pọ̀ nínú ilé ọmọ bí bébà tilẹ̀ ń pọ́n dáadáa lóṣooṣù. Dókítà ló yẹ kó rí i.

Ọjọ́ tó bá pọ́n àti ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e ni kí tọkọtaya sùn pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo rẹ̀ dúró de bébà: àtọ̀ lè wà láàyè tó ọjọ́ 5, ẹyin kì í ju wákàtí 24 lọ, nítorí náà àwọn ọjọ́ tó ṣáájú kí ẹyin tó jáde ló níye lórí jù. Bí wíwo ìlà lójoojúmọ́ bá ń dá ọgbẹ́ ọkàn padà, ẹ kó páálí náà pamọ́ láìbẹ̀rù. Kí ẹ máa bá ara yín sùn ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta síra wọn jálẹ̀ oṣù ti tó.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sì dì pa. Ibi gbígbẹ ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe ilé ìwẹ̀. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ folic acid 400 mcg lójúmọ́. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tó ń lo oògùn wárápá, lè nílò 5 mg láti ọwọ́ dókítà. Bí oyún bá ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má ra páálí mìíràn kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀, thyroid (ẹ̀yà inú ọrùn tó ń ṣe họ́mónù) àti ilé ọmọ yín wò.