Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú sítíróòkì fáwọn nọ́ọ̀sì tí mo lọ n'Íbàdàn: 8 nínú 10 ni mo fún wọn

Ọdún kọkànlá mi rèé nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, apá ni mo sì máa ń gbá mú tí mo bá fẹ́ gbé aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ kìíní ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta yìí ni mo tó mọ̀ pé mo lè máa ba èjìká wọn jẹ́. Ẹ gbọ́, apá tí sítíróòkì ti mú, iṣan tó di èjìká mú ti dẹ̀, tẹ́ẹ bá fà á, egungun lè yẹ̀, ìrora ẹ̀ ò sì ní jẹ́ kó lè ṣe eré ìdárayá tí fisió (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn) fẹ́ kó ṣe. Ẹ̀yìn èjìká lẹ máa kọ́wọ́ sí, ẹ ó wá fi pílò gbé apá náà ró tó bá ti jókòó.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni ti gbígbé nǹkan mì, torí sítíróòkì lè jẹ́ kó ṣòro fún aláìsàn. Olùkọ́ ní ká sùn gbalaja, kí ẹnìkejì wa máa fi síbí bu omi sí wa lẹ́nu láì sọ̀rọ̀. Síbí kejì ló pá mi lórí, mo wú ikọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi, èmi tí ara mi le kokooko o! Wọ́n wá sọ fún wa nípa ìwádìí kan ní Ọsirélíà tó jáde lọ́dún 2011, wọ́ọ̀dù sítíróòkì 19 ni wọ́n ti ṣe é, ohun mẹ́ta làwọn nọ́ọ̀sì gbájú mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: ibà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti bí aláìsàn ṣe ń gbé nǹkan mì. Nígbà tó fi pé 90 ọjọ́, àwọn tó kú tàbí tí ò lè dá ṣe nǹkan kéré níbẹ̀ ju ibi tí wọn ò ti ṣe é. Tẹmọ́mítà àti síbí omi, ẹ̀yin èèyàn mi, ìwọ̀nyẹn ò jù wá lọ!

Ohun tí ò dáa ni pé bẹ́ẹ̀dì méjì ni wọ́n kó wá fún èèyàn bí ogójì, ọ̀pọ̀ wa ló kàn ń wòran. Wọn ò sì sọ nǹkan kan nípa ẹbí aláìsàn, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń fún un lóúnjẹ, àwọn ló ń yí i padà lóru.

Ọ̀sẹ̀ tí mo padà síbi iṣẹ́, mo bá ìyá kan tí wọ́n ń fún ọkọ wọn ní ògì lórí ìdùbúlẹ̀. Mo ní "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Wọ́n ní "Nọ́ọ̀sì, wọn ò tíì fẹnu kan nǹkan látàárọ̀." A gbé bàbá jókòó, mo fún wọn lómi síbí kan, wọ́n wúkọ́, ohùn wọn wá ń dún bí ẹni tómi wà lọ́fun ẹ̀, àmì pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má lè gbé nǹkan mì dáadáa nìyẹn. A gbé ògì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pe dókítà.

Owó ẹ̀kọ́ yẹn ò gbé o, ẹ lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá tún máa ṣe é, kí wọ́n gbé àga kan kalẹ̀ fún irú mọ́mì yẹn náà.