Òògùn Ibà: Ẹ Ha Ẹ̀yìn Páálí Níwájú Ẹni Tó Tà Á

Ẹni tó bá ń ra òògùn ibà ní Nàìjíríà á ti rí ojú fàdákà kékeré kan lẹ́yìn páálí, irú èyí tó máa ń wà lára káàdì ìpè. Ọ̀pọ̀ wa kì í fọwọ́ kàn án. Èmi ò kí ń gbé òògùn ibà kúrò ní kẹ́míìsì láì ha á.

Àjọ NAFDAC ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, tó wà fún dídá ayédèrú òògùn mọ̀, ní 2010, pẹ̀lú Sproxil, ilé-iṣẹ́ tí Ashifi Gogo, ọmọ Gánà, dá sílẹ̀. Ẹ fi èékánná ha á, nọ́ńbà á yọ, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 38353 ni ti Sproxil. Kò gba kọ́bọ̀, kò gba dátà. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì tí màmá mi ń lò ṣe é dáadáa. Èsì á dárúkọ òògùn náà, á sì sọ bóyá ojúlówó ni. Ẹ ka orúkọ yẹn o! Bí kò bá bá ti ara páálí mu, ẹ dá a padà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fa èsì sẹ́yìn, torí náà mo máa ń bá ẹni tó ń tajà sọ ọ́ kí n tó sanwó pé n ó dúró gbà á.

Ibi tó ń dùn mí ni ti àwa tí a kì í ra odidi páálí. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ampiclox (òògùn apakòkòrò àrùn) mẹ́rin, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé e, wọ́n á dá páálí padà sórí pẹpẹ, tòun ti ojú fàdákà rẹ̀. Mo sọ fún ọmọbìnrin kan pé kó jẹ́ n ha á. Ó ní, “Àǹtí, tí ẹ bá ha á, ta ló máa wá ra èyí tó kù?” Kí ni n ó sọ? Ẹni tówó rẹ̀ ò tó páálí ni ayédèrú tètè ń bá, òun náà ni iṣẹ́ yìí ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì bi ojú fàdákà yìí ní ohun tí kò mọ̀. Ibi tí páálí ti wá ló mọ̀, kò mọ ohun tó wà nínú ìgò. My Pikin, òògùn eyín ọmọdé tó pa ọmọ tó lé ní 80 láàárín 2008 sí 2009, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba mọ̀ ló ṣe é. Diethylene glycol tó jẹ́ májèlé ló wọnú èròjà rẹ̀. Ká ní ó ní ojú fàdákà, “ojúlówó” ni èsì ì bá sọ.

Fún òògùn ikọ́ àwọn ọmọ, tí mi ò bá rí ohun tí mo máa ha, Greenbook NAFDAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń ṣí. Ìyẹn gba dátà, ṣùgbọ́n orúkọ òògùn, nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tó ni í wà níbẹ̀, mo sì máa ń fi wọ́n wé ara ìgò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.