Àgbéyẹ̀wò ìrìn àjò ìwo-ẹyẹ kan ní Dungeness

Awò alójú-méjì (binoculars) tí wọ́n yá mi láti fi wo ẹyẹ ló jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ló kó wa lọ sí Dungeness, ní etíkun Kent, ní òpin oṣù March tí àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í padà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní £45 tí mo san ti kárí ọkọ̀, afinimọ̀nà àti awò.

Bí mo ṣe gbé awò náà sójú, ihò ọ̀tún funfun bí ìgbà tí ìkùukùu bolẹ̀. Mo dá a padà fún ọmọbìnrin tó ń pín in. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó ní kí n tún wò ó. Mo ṣàlàyé pé omi ló ti wọ inú rẹ̀, pé bí ó bá ń nù ún títí di ọ̀la, kò lè mọ́. Ó ní oòrùn á gbẹ ẹ́. Mo béèrè òmíràn, ó ní kò sí, bẹ́ẹ̀ mo rí àpò awò méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú nínú búùtù ọkọ̀. Ó ní àwọn tó san àsanlé ló ni ín, ó sì pa búùtù dé lójú mi, èmi tí mo ti kúrò nílé ní Peckham, ní London, láti aago mẹ́rin ìdájí.

Bàbá tó ń fi wá mọ̀nà ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n bọ́ awò ọrùn ara wọn, wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n sì ní kí n wo orí òkúta tó wà níwájú. Ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní wheatear ló dúró ṣánṣán níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eérú, dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá bí ẹni lé tìróò dé etí. Mo rí àyà rẹ̀ bó ṣe ń mí. Nígbà tó fò, ìdí rẹ̀ funfun báláú. Ẹyẹ tí kò ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ ló la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ìhà ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bo òrùlé wa ní Ìbàdàn lásìkò Kérésìmesì ló ti lo ìgbà òtútù. Omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tó yá, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ti ojú òkun wọlé, ó fò lọ́wọ́ ilẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bàbá sọ fún wa pé ní 1911 ni wọ́n fi òrùka ìdánimọ̀ sẹ́sẹ̀ irú rẹ̀ kan ní Staffordshire, wọ́n sì rí òrùka náà ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà, ní December 1912. Èyí ló kọ́kọ́ fi hàn dájú ibi tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ. Kò sí ìbéèrè tí wọn kò fi sùúrù dáhùn, títí kan èyí tí mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Tíì wọn gbóná, ọkọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì nípa awò náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dákẹ́ kí wọ́n tó fèsì pé àwọn á yọ £5 fún mi bí mo bá tún padà wá. Ta ló sọ fún wọn pé ẹ̀dínwó ni mò ń wá? Ẹ tún awò yín ṣe, kí ẹ sì kọ́ àwọn tó ń pín in bí a ṣe ń dá oníbàárà lóhùn.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún. Mo ti sanwó ti oṣù April, bàbá yẹn ni mo sì ní kí wọ́n fún mi.