Ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Ọya ti pàdé Bẹ́núè

Ọ̀pọ̀ Yorùbá Àbújá ló ń gba Lọ́kọ́ja kọjá tí wọ́n bá ń lọ sílé, tí wọn kì í dúró ju kí wọ́n ra ẹja lọ. Ó yẹ kí wọ́n yà. Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ wo ibi tí odò méjèèjì ti pàdé tó owó tí wọ́n ń gbà, àmọ́ àsìkò tí ẹ bá lọ ló máa pinnu ohun tí ẹ máa rí.

Ìlà àárín omi la ń lọ wò. Ọya máa ń pọ́n bí ẹrẹ̀, Bẹ́núè a fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, wọ́n á jọ máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó dàpọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, omi kún, ó le, ẹrẹ̀ sì pọ̀ nínú méjèèjì. Ìkún omi 2012 àti ti 2022 tiẹ̀ dí ọ̀nà Àbújá pa. Tó bá di oṣù kejìlá, ọyẹ́ lè bo ojú. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin omi ti fà, ọkọ̀ a máa há sórí iyanrìn. Oṣù kọkànlá la fọwọ́ sí, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, torí pé láti ìlà-oòrùn ni Bẹ́núè ti ń bọ̀, oòrùn kùtùkùtù á máa kọ mọ̀nà sí yín lójú. Ẹ kọ́kọ́ gun Òkè Patti. Láti òkè lọ́hùn-ún ni ìlà náà ti hàn jù.

Tí ẹ bá dé ìdí ìlà, ẹ ní kí atukọ̀ dín iná ẹ́ńjìnnì kù, torí ìgbì ọkọ̀ ló ń da àwọ̀ náà rú. Kó má pa á o, ìṣàn á gbé ọkọ̀ lọ.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì kó tó gbéra. Omi tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ máa tú jáde níbẹ̀. Tí kò bá jáde, ọ̀rá tàbí iyanrìn ti dí ibi tó ń fa omi, ẹ́ńjìnnì máa gbóná kú lójú omi.

Life jacket ló máa ń dùn wá jù. Ẹ tẹ fóòmù rẹ̀: tí kò bá ta padà, ó ti kú. Ẹ so gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹlòmíràn wá fa èjìká rẹ̀ sókè. Tó bá gun dé etí, ó tóbi jù. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba àárín itan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ á yọ́ jáde nísàlẹ̀. Ọkọ̀ tí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò bá ká gbogbo èrò, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá, bó ti wù kó rọjú tó.

Ẹ dúnàá-dúrà lórí odindi ọkọ̀, àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú ìdúró níbi ìlà. Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní ìrọ̀lẹ́ kò ṣe nǹkan kan: NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ti ka rírìn lórí omi lálẹ́ léèwọ̀. Ẹni tó bá dé Lọ́kọ́ja láago márùn-ún, kó sùn síbẹ̀, kó wọkọ̀ lọ́jọ́ kejì.